Bí A Ṣe Ń Kápá Àwọn Ẹ̀dá Kéékèèké Tí Ń Ba Iyùn Jẹ́ Nínú Táǹkì

Omi tí a fi iyọ̀ inú àpò pò kì í bí kòkòrò. Gbogbo ẹ̀dá kéékèèké aláìléegun tí ń da iyùn, ìyẹn ẹ̀dá alààyè inú òkun tí a ń sìn, láàmú nínú táǹkì dígí ni ó ti ibì kan wọlé: lára iyùn tuntun, ní ìdí òkúta tí a rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, lórí ìkarahun ìṣáwùrú, tàbí nínú omi ọ̀rá tí a fi gbé ẹja wá sílé. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni oògùn tí yóò pa wọ́n. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni bí ẹ̀dá náà ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá gé wọn sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà ni yóò yè. Àwọn mìíràn wà tí ń yé ẹyin tí oògùn kì í ràn. Búrọ́ọ̀ṣì líle tí a fi ń ha ẹyin kúrò ní ìdí iyùn lè sọ Aiptasia, ẹ̀dá olóró tí ń lẹ̀ mọ́ òkúta, kan ṣoṣo di ogún, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí ń gbá aràn kan mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí kan lè má ṣe ohunkóhun fún èyí tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹyin.

Ohun tí a kọ síhìn-ín wà fún ẹni tí táǹkì rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, tí ooru omi rẹ̀ wà ní nǹkan bí 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tí iyọ̀ inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Iyùn tí omi rẹ̀ ń ṣe ségesège kò ní fara da ìwẹ̀ oògùn, nítorí náà bí omi bá ní àléébù, ẹ tún un ṣe ná kí ẹ tó gbógun ti kòkòrò.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń bá jà

Ọ̀sán kọ́ ni a ń wá àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí iná táǹkì ti kú fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ wá fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá òru kì í tètè sá fún ìmọ́lẹ̀ pupa bí wọ́n ti ń sá fún funfun. Ẹ wo ìdí iyùn níbi tí ẹran ara rẹ̀ ti pàdé egungun, ẹ wo abẹ́ àwọn iyùn tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ sì wo ètí ìkarahun. Bí ẹ bá rí ohun kan, ẹ fi ọ̀pá oníbọ́ọ̀lù rọ́bà tí a fi ń fa omi fà á sínú abọ́ funfun, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti itòsí. Nínú abọ́ funfun ni a ti ń rí ìrù, ìwo àti ìrìn rẹ̀ kedere. Lórí òkúta, ohun gbogbo jọ ohun gbogbo.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pa kò jẹ̀bi. Ekòló onírun tí ń yọjú láti inú ihò òkúta lóru máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, òkú ẹja àti àṣẹ́kù oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, bí a bá sì pa gbogbo wọn tán, ìdọ̀tí tí wọn ìbá kó ni yóò di ìṣòro. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a jẹ́ pé oúnjẹ tí a ń fún ẹja pọ̀ jù. Èyí tí ó yẹ kí a yọ ni Hermodice carunculata, ekòló iná tí ó nípọn, tí ìdì irun funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tí a sì lè rí lórí iyùn tí ó ń jẹ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Bí irun rẹ̀ bá wọ awọ ara, ẹ lẹ téèpù mọ́ ibẹ̀ kí ẹ sì fà á kúrò. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń fò káàkiri lórí dígí, tí wọ́n jẹ́ ìbátan edé, oúnjẹ ẹja ni wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ìwẹ̀ iyùn tuntun

Iṣẹ́ yìí ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ gbogbo èyí tí ó kù. Ẹ ṣe é fún gbogbo iyùn tí ó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni ó fún yín, ìbáà jẹ́ ilé ìtajà tí ẹ fọkàn tán.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bu omi láti inú táǹkì yín sínú abọ́ mẹ́ta. Abọ́ kìíní ni ti oògùn, méjì tí ó kù ni ti ìṣanra. Ẹ jẹ́ kí iyùn náà kọ́kọ́ bá ooru omi yín mu nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ tó tú u. Omi inú ọ̀rá kò gbọdọ̀ wọ táǹkì láéláé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ iyùn kúrò lórí ìdúró sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, bí ó bá ṣeé yọ láìfọ́. Nínú àwọn ihò àti abẹ́ ìdúró yẹn ni ẹyin pọ̀ sí jù lọ, ẹ sì lè sọ ọ́ nù láìkáàánú. Bí ẹ bá rí àwọn alákàn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Trapezia láàrin ẹ̀ka iyùn, ẹ fi ẹ̀mú mú wọn jáde ná, kí ẹ fi wọ́n sínú omi mímọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀tá, wọ́n máa ń bá iyùn lé àwọn tí ó fẹ́ jẹ ẹ́, oògùn ìwẹ̀ á sì pa wọ́n.

Oògùn tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí pọ̀: CoralRx wà, Revive wà, áyódínì Lugol náà sì wà. Ìwọ̀n tí ó wà lára ìgò ni kí ẹ tẹ̀lé, ìṣẹ́jú 5 sí 15 ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ní gbogbo àsìkò tí iyùn fi wà nínú oògùn, ẹ máa fi ọ̀pá oníbọ́ọ̀lù fẹ́ omi sí gbogbo ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀, pàápàá ní ìdí àti láàrin ẹ̀ka. Oògùn kì í fi gbogbo ìgbà pa kòkòrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ó ń sọ ọ́ di aláìlágbára tí ìdìmú rẹ̀ fi ń tú, omi tí a ń fẹ́ ni ó sì ń já a bọ́. Ẹni tí ó bá kàn ki iyùn bọ oògùn tí ó sì lọ jókòó, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ẹ ṣan iyùn nínú abọ́ kejì, lẹ́yìn náà nínú ẹ̀kẹta. Ẹ wá fi dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ẹyin, tí ó lè jẹ́ ìdì kéékèèké aláwọ̀ oyin tàbí funfun lórí egungun, ẹ fi abẹ tín-ínrín ha á kúrò, tàbí kí ẹ gé apá yẹn sọnù. Ẹ fi súpá-gúlù tí ó ki bo egungun tí kò ní ẹran ara, kí kòkòrò má baà tún rí ibi yé sí, kí ẹyin tí ojú kò rí sì há sábẹ́ gúlù. Ẹ yẹ omi abọ́ oògùn wò kí ẹ tó dà á nù, nítorí òkú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá iyùn náà ní àlejò tàbí kò ní.

Iyùn náà kò tíì ṣetán láti wọ táǹkì ńlá. Ẹ fi í sínú táǹkì kékeré tí ó ní iná àti pọ́ǹpù tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì máa wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ fi ń dúró nítorí ẹyin: ọmọ tí ó bá jáde nínú ẹyin lẹ́yìn ìwẹ̀ kìíní gbọ́dọ̀ bá ìwẹ̀ kejì pàdé kí ó tó dàgbà tó láti yé tirẹ̀. Bí iyùn bá jẹ́ Acropora tàbí Montipora, irú iyùn líle méjì, èmi kì í gbà kí a dín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kù. Fún iyùn rírọ̀ tí ó mọ́ lójú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè tó.

Àwọn kan ń lo oògùn apakòkòrò inú ọgbà tí imidacloprid wà nínú rẹ̀ fún ìwẹ̀ yìí, nítorí pé ó lágbára, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dájúdájú. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é fún omi, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ tí ó bá kù lára iyùn lè pa gbogbo edé táǹkì, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fòfin de lílò rẹ̀ ní gbangba oko láti ọdún 2018 nítorí oyin. Ẹni tí ó bá ní èyí tí a ṣe fún iyùn lọ́wọ́ kò nílò rẹ̀.

Aiptasia

Aiptasia ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ó dà bí igi ọ̀pẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó hù lára òkúta, ọwọ́ rẹ̀ gùn ó sì tín-ínrín, bí òjìji bá sì kọjá lórí rẹ̀, kíá ni ó ń wọ inú ihò. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é nísinsìnyí ni Exaiptasia diaphana. Oró tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń jó iyùn tí ó bá wà nítòsí, tí iyùn yóò fi máa ká ara kò títí tí yóò fi kú lápá ibẹ̀. Ó le débi pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń sìn ín ní yàrá ìwádìí láti fi mọ bí iyùn àti ewé omi tí kò ṣeé fojú rí tí ó wà nínú ara rẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀, wọ́n sì ti tẹ àkójọ àbùdá rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Kì í ṣe ẹ̀dá tí ebi tàbí òkùnkùn ọjọ́ díẹ̀ yóò pa.

Bí Aiptasia bá ń rìn lórí òkúta, ẹyọ kékeré láti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè já sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sì di odidi. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ha á, fà á tu, tàbí tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí òkúta tí ó wà lórí rẹ̀ bá kéré tí ó sì ṣeé gbé, ẹ gbé e jáde, kí ẹ fi súpá-gúlù tí ó ki dí ihò náà pátápátá, tàbí kí ẹ fọ́ apá òkúta yẹn kúrò pẹ̀lú Aiptasia lórí rẹ̀.

Bí kò bá ṣeé gbé, síríńjì ni a ń lò. Ẹ pa gbogbo pọ́ǹpù kí omi dúró jẹ́ẹ́. Ẹ da ìyẹ̀fun kálísíọ́ọ̀mù haidirọ́sáìdì, èyí tí àwọn onítáǹkì mọ̀ sí kalkwasser, pọ̀ mọ́ omi mímọ́ díẹ̀ títí yóò fi ki débi pé kò ní ṣàn lọ, síbẹ̀ tí yóò ṣì gba ẹnu abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ sì fi awò bo ojú, nítorí ohun yìí ń jó ara. Ẹ sún ẹnu abẹ́rẹ́ mọ́ Aiptasia láìkàn án rárá, nítorí bí ó bá ti ká ara kò wọlé, ẹ ti pàdánù rẹ̀ fún ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ bọ́ sí àárín ẹnu rẹ̀; yóò rò pé oúnjẹ ni, yóò sì gbé e mì. Nígbà náà ni ẹ óò wá tú èyí tí ó kù lé e lórí títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀ dé etí ihò. Ẹ jẹ́ kí omi dúró fún bí ìdajì wákàtí, ẹ fa ìyókù ìyẹ̀fun náà jáde, kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Oògùn inú ìgò bíi Aiptasia-X ti Red Sea, bákan náà ni a ṣe ń lò ó, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ po ìyẹ̀fun.

Ẹ má pa ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ lójúmọ́ nínú táǹkì kékeré, nítorí kalkwasser ń gbé pH omi (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) sókè kíákíá. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí ẹ ti pa ńlá kan, ẹ lè bá kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àyíká rẹ̀; ìyẹn kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kùnà, ó túmọ̀ sí pé àwọn ẹyọ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìsinsìnyí sì ni ó rọrùn jù láti pa wọ́n.

Bí ó bá ti kọjá ogún tàbí ọgbọ̀n, síríńjì kò lè bá a mọ́, ẹ wá ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Edé Lysmata wurdemanni àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń jẹ Aiptasia kéékèèké, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fún ẹja lóúnjẹ púpọ̀ wọn kò ní dá a lóhùn. Ẹ ṣọ́ra níbi rírà: edé Rhynchocinetes durbanensis, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gun sókè tí ojú rẹ̀ sì tóbi, tí ìlà funfun rẹ̀ fara hàn dáadáa, máa ń wà nínú táǹkì ìtajà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, iyùn gan-an ni ìyẹn sì ń jẹ. Ẹja Chelmon rostratus àti Acreichthys tomentosus náà ń jẹ ẹ́; ti àkọ́kọ́ fẹ́ táǹkì ńlá, ó sì máa ń ṣòro láti mú kí ó jẹun, ti ìkejì lè tọ́ iyùn rírọ̀ wò.

Èyí tí mo gbà jù ni Berghia stephanieae, ẹ̀dá tí ó jẹ́ ìbátan ìṣáwùrú ṣùgbọ́n tí kò ní ìkarahun, tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì ju Aiptasia lọ. Òru ni ó ń jẹun, ó sì ń yé ẹyin funfun róbótó-róbótó bí ó ti ń jẹ, nítorí náà ó ń pọ̀ sí i pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀, ẹ rí i pé ẹja tí ń jẹ kòkòrò, irú bíi Pseudocheilinus hexataenia, àti edé Lysmata kò sí nínú táǹkì, nítorí wọn óò jẹ wọ́n tán lóru ọjọ́ kan. Ẹ fi fóòmù bo ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ tú wọn sílẹ̀ ní alẹ́, ní ìtòsí Aiptasia, nígbà tí omi bá dúró. Oṣù púpọ̀ ni iṣẹ́ wọn ń gbà, kò sì ní hàn lójú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí Aiptasia bá tán, ebi ni yóò pa Berghia. Ẹ kó wọn fún ẹlòmíràn kí ó tó di bẹ́ẹ̀.

Aràn pẹlẹbẹ pupa

Convolutriloba retrogemma jẹ́ aràn pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìpẹtà irin, tí ó gùn ní mílímítà díẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ sì pín sí ìrù mẹ́ta. Kì í jẹ iyùn. Ewé tí kò ṣeé fojú rí tí ó ń gbé nínú ara rẹ̀ ni ó fi ń lo ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù tí omi kò sì ti ń sáré ni ó ń kóra jọ sí, títí tí yóò fi tẹ́ bí ẹní lórí iyùn tí ìmọ́lẹ̀ kò fi dé ara rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ni ọmọ ti ń yọ bí ẹ̀ka, kò nílò ẹyin.

Ewu rẹ̀ kò sí nínú wíwà rẹ̀ tó bí ó ti wà nínú ikú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, májèlé tí ń jáde nínú ara wọn lè pa ẹja. Nítorí èyí, iṣẹ́ tí ó ṣáájú oògùn ṣe pàtàkì ju oògùn lọ. Fún ọjọ́ díẹ̀ léraléra, ẹ fi rọ́bà tín-ínrín fa àwọn aràn náà jáde lójoojúmọ́, ní ọ̀sán nígbà tí wọ́n bá ti tẹ́ ara wọn sínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi rọ́bà náà gba inú aṣọ híhun tín-ínrín kọjá kí ẹ lè dá omi padà. Ẹ ṣe é títí tí ohun tí ẹ ń rí yóò fi di ìwọ̀nba.

Ní ọjọ́ tí ẹ óò lo oògùn, irú bíi Flatworm Exit ti Salifert, ẹ ti gbọ́dọ̀ po omi iyọ̀ tuntun tí ó tó ìdá mẹ́rin táǹkì sílẹ̀, kí èédú asẹ́ tuntun wà lọ́wọ́, kí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sì ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ yọ èédú àtijọ́, ẹ pa skimmer (ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí inú omi), ẹ fi oògùn sí i bí ìgò ti wí. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn aràn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Bí wọ́n ti ń bọ́ ni kí ẹ máa fà wọ́n jáde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bà sí ilẹ̀ táǹkì kí wọ́n sì jẹrà níbẹ̀. Bí nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 bá ti kọjá, ẹ fi èédú tuntun sí i, ẹ tan skimmer, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà. Bí ẹja bá ń mí gúlegúle kí àkókò náà tó pé, ẹ má dúró. Ẹ fi èédú sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é ní Èkó tàbí níbi mìíràn tí iná mànàmáná kì í dúró sójú kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, àìsí afẹ́fẹ́ àti májèlé aràn yóò pawọ́ pọ̀ pa ẹja.

Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó lè gbá àwọn tí ó farapamọ́ sábẹ́ òkúta mú. Lẹ́yìn náà, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì dojú pọ́ǹpù kọ ibi tí wọ́n ti ń kóra jọ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí ń jẹ Acropora

Aràn pẹlẹbẹ tí ń jẹ Acropora yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Inú táǹkì àwọn onítáǹkì ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí a tó rí i nínú òkun: ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ lórúkọ Amakusaplana acroporae, ọdún 2012 ni wọ́n sì tó ròyìn rẹ̀ láti orí iyùn Great Barrier Reef ní Ọsirélíà. Prosthiostomum acroporae ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti iyùn tí ó ń jẹ mu débi pé ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí ó má rí i. Ohun tí a ń rí ni àpá ẹnu rẹ̀: àmì róbótó kéékèèké tí àwọ̀ ibẹ̀ ti ṣí, láti ìdí iyùn lọ sókè, nígbà tí àwọn ìyókù iyùn ń pàdánù àwọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá oníbọ́ọ̀lù fẹ́ omi líle sí ibẹ̀. Bí aràn bá wà, ẹ óò rí i tí ó tú kúrò tí ó sì ń yí ara rẹ̀ nínú omi.

Orí egungun tí kò ní ẹran ara, ní etí ibi tí iyùn ṣì ti wà láàyè, ni ó ń yé ẹyin aláwọ̀ oyin rẹ̀ sí. Nínú omi tí ó tutù díẹ̀, tí kò ju 24 lọ, ẹyin náà lè lo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó pa. Bí omi bá ṣe gbóná sí ni ó ń yá sí. Nítorí náà ẹ gbé gbogbo Acropora jáde, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ó ní àpá nìkan. Ẹ wẹ̀ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú táǹkì ọ̀tọ̀ bí a ti ṣàlàyé lókè, ẹ fi gúlù bo gbogbo egungun tí ó ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀síwájú títí ìwẹ̀ mẹ́ta yóò fi tẹ̀ léra láìsí aràn kankan nínú abọ́. Nítorí pé Acropora ni oúnjẹ rẹ̀, bí táǹkì ńlá bá wà láìní Acropora fún oṣù méjì, èyí tí ó jáde nínú ẹyin lẹ́yìn tí ẹ ti kó iyùn jáde kò ní rí ohun tí yóò jẹ. Ìdùnnú àtigbé iyùn padà ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ń da iṣẹ́ yìí rú jù. Bí iyùn bá ti di mọ́ òkúta débi pé kò ṣeé gbé, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó dára kí ẹ sì tọ́jú ìyẹn. Èyí tí ó kù, ẹ yọ ọ́ sọnù.

Kòkòrò pupa ni ìkejì, Tegastes acroporanus, ìbátan edé tí kò ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ, aláwọ̀ ìyeyè tí àmì pupa kan wà lára rẹ̀. Dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá ni a fi ń rí i lórí Acropora tí ara rẹ̀ dán. Oògùn aràn ajá tí a ń pè ní milbemycin oxime ń pa á, àwọn onítáǹkì sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbà á lọ́wọ́ dókítà ẹranko, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bá yín ṣírò ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé gbogbo ìbátan edé ni ó ń pa: edé ẹwà, alákàn, àti àwọn kéékèèké tí ẹja ń jẹ. Ẹ kó èyí tí ẹ lè kó jáde. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó fi èédú fà á jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń ṣe é, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan láàrin ara wọn. Bí Acropora yín bá kéré tí ó sì ṣeé gbé, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lo oògùn náà nínú abọ́ ọ̀tọ̀ dípò inú táǹkì.

Àwọn tí ó kù

Ti Montipora ni Phestilla subodiosa, ìṣáwùrú funfun aláìníkarahun tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, tí a sọ lórúkọ ní ọdún 2020. Abẹ́ iyùn ni ó ń gbé, abẹ́ náà ni ó ń yé sí, etí iyùn tí ó di funfun láìnídìí sì ni àmì rẹ̀. Kò sí ìwẹ̀ tí ó ń pa ẹyin rẹ̀ dáadáa. Ẹ gé etí tí ó ń dàgbà, tí ó mọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdúró tuntun, ẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyókù iyùn náà kò yẹ ní fífi pamọ́.

Lórí ìkarahun Tridacna, ẹ̀dá òkun ńlá oníkarahun méjì, ẹ lè rí ìṣáwùrú funfun tí kò gùn ju mílímítà 3 lọ, tí ń fa omi ara rẹ̀ mu lóru. Pyramidellid ni wọ́n. Ẹ gbé Tridacna jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo ìkarahun rẹ̀ títí kan ìsàlẹ̀, kí ẹyin wọn lè kúrò, ẹ sì tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Pseudocheilinus hexataenia lè bá yín jẹ àwọn tí ó yọjú. Ìṣáwùrú Heliacus, tí ìkarahun rẹ̀ rí róbótó tí ó sì ní àwòrán dúdú àti funfun, zoanthid, ìbátan iyùn tí kò ní egungun, ni ó ń jẹ, ọwọ́ ni a fi ń ṣà á.

Vermetid, ìṣáwùrú mìíràn, ń gbé nínú ihò páìpù líle tí ó kọ́ sára òkúta, ó sì ń na okùn ikun sínú omi láti fi kó oúnjẹ, okùn náà sì ń bí iyùn nínú títí tí kò fi ní ṣí mọ́. Ẹ fi ẹ̀mú fọ́ páìpù náà kí ẹ sì fi ẹ̀kán súpá-gúlù dí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tàn ká gbogbo òkúta, kò sí ẹni tí yóò fọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ dín oúnjẹ tí ń léfòó nínú omi kù, wọ́n yóò sì dín kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí zoanthid, pàápàá Palythoa tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí kò ṣeé fi falẹ̀. Nínú àwọn kan lára wọn ni palytoxin wà, ọ̀kan nínú àwọn májèlé tí ó lágbára jù lọ tí a mọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi omi gbígbóná pa Aiptasia lórí òkúta tí Palythoa wà, tàbí tí ó fẹ́ se òkúta náà kí ó lè mọ́, èéfín omi tí yóò jáde lè ṣe gbogbo ará ilé léṣe. Ní ọdún 2018, ní Oxfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú iṣẹ́ ìfọtáǹkì bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ìdílé kan àti àwọn panápaná tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe se òkúta, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha Palythoa ní gbígbẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ sì bo ojú nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ má sì fọ omi rẹ̀ sínú àwo ilé ìdáná.

Ohun èlò tí ẹ fi ṣiṣẹ́ nínú táǹkì ìyàsọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ wọ táǹkì ńlá ní tútù. Ẹ rẹ ẹ̀mú, rọ́bà, abọ́ àti ọ̀pá oníbọ́ọ̀lù sínú omi tí ẹ da bílíìṣì sí, ẹ ṣan wọ́n dáadáa, kí ẹ sì sá wọn sí oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ ráúráú.